Ọ̀tan Sún Mọ́ Òṣogbo Ju Ìlá Lọ

Bí ẹnì kan bá tún dúró níwájú mi tó ní Ọ̀tan sún mọ́ Òṣogbo ju Ìlá lọ, bí mo bá ju onítọ̀hún lọ lọ́jọ́ orí, màá bú u. Bó bá jù mí lọ, màá kúnlẹ̀ kí i, màá dìde, màá wá bú u nínú ọkàn mi. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ní ọ̀nà tí mọ́tò wa ń gbà, ẹni tó bá ti Ìlá ń lọ sí Òṣogbo, yóò kọjá ní Ọ̀tan Ayégbajú kó tó dé ibi tó ń lọ. Ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ yẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Kò tíì pẹ́ rárá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò nílé ọkọ ní Ìbàdàn ni. N kò ní í sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti ọkọ mi, nítorí kì í ṣe òun ni mo ń bínú sí níbí. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí, ó ti wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, bàbá rẹ̀ sì ti sọ pé ẹni tó kó ẹrù jáde ni kó máa san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Mo ní ó dáa. Mo wáṣẹ́ kiri títí mo fi rí ọ̀kan ní Òṣogbo, nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rán aṣọ ilé ìwé. Èmi ni mo ń gé aṣọ. Télọ̀ ni bàbá mi, ẹ̀gbẹ́ máṣínnì rẹ̀ ni mo dàgbà sí, kò sì sí aṣọ tí wọ́n tẹ́ síwájú mi tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ọ̀gá wa, obìnrin kan tí kì í pariwo, sọ fún mi lọ́jọ́ tó gbà mí pé òun yóò ṣì máa wò mí ná. Agogo mẹ́jọ ni wọ́n ń ti géètì. Tí ẹni tó ń gé aṣọ kò bá dé, gbogbo àwọn tó ń rán an á kàn jókòó lásán ni, nítorí náà òun kò lè gba pípẹ́. Mo ní kò sí wàhálà. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, ọmọ mi á padà wálé láìparí ẹ̀kọ́ nìyẹn.

Ó wá ku ibi tí màá máa gbé. Òṣogbo gan-an kò ṣeé sọ. Àwọn tó ń báni wá ilé níbẹ̀, kí wọ́n tó fi yàrá han èèyàn, wọ́n ti bèèrè owó ọdún méjì, wọ́n ti bèèrè tiwọn lọ́tọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, bàbá mi fi igi obì díẹ̀ sílẹ̀ fún mi ní Ọ̀rà, Sátidé nìkan ni mo sì ráyè lọ síbẹ̀. Bí n bá jìnnà jù, àwọn olè á máa bá mi ká obì náà. Ọ̀rà fúnra rẹ̀ dára, ó tura, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti Ọ̀rà lọ ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo lójoojúmọ́, inú mọ́tò ni yóò ti máa sun oorun rẹ̀.

Bí mo ṣe rò ó títí ni mo rí i pé Ìlá ni. Mo sì rí yàrá. Ó wà lẹ́yìn gáréèjì, yàrá kan àti kíṣìnnì, kànga wà nínú ọgbà, onílé kò sì bèèrè ju owó ọdún kan lọ. Téèyàn bá dúró lójú fèrèsé, yóò máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe Òṣogbo, Òṣogbo. Inú mi dùn débi pé mo ti mọ ibi tí màá gbé bẹ́ẹ̀dì sí.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í dédé ṣe nǹkan báyẹn. Mo lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Òun ni olórí agbolé wa ní Ìlá, Bàbá Àgbà ni gbogbo wa sì ń pè é. Bàbá mi ti kú, ìyá mi ti kú ṣáájú rẹ̀, kò sí ẹni tí màá tún lọ sọ fún. Mo bá a níwájú ilé, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé.

“Ilé?” ló wí. “Ní Ìlá níbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ó gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀. “Ìwọ, ọmọ agbolé yìí, o fẹ́ máa sanwó ilé fún ẹlòmíràn ní Ìlá? Kí ni ayé máa wí? Wọ́n á ní a lé ọ ni. Wọ́n á ní àbúrò mi kú tán, mo gba ilé mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣé ohun tí o fẹ́ fi mí ṣe nìyẹn?”

Ẹni tí kì í bá ṣe ará ọ̀dọ̀ wa lè máa rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ tiwa, àlejò ló ń gba ilé. Tíṣà, agùnbánirọ̀, òṣìṣẹ́ káńsù tí wọ́n gbé wá láti ibòmíràn, àwọn nìyẹn. Ọmọ onílẹ̀ tó bá ń sanwó ilé ní ìlú bàbá rẹ̀, wọ́n á máa bèèrè lẹ́yìn rẹ̀ pé kí ló jí. Tó bá wá jẹ́ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ọkọ, dálémosú ni orúkọ rẹ̀, agbolé ni wọ́n sì ń retí kó padà sí, kó jókòó síbi tí gbogbo ojú á ti máa rí i.

Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n kúkú wọ yàrá bàbá mi, sà.”

“Yàrá wo? Àjà ibẹ̀ ti jìn. Ejò ló ń gbé ibẹ̀ báyìí. Tí o bá fẹ́, wá máa bá àwọn ìyàwó mi sùn lẹ́yìn, àyè wà. Wàá máa bá wọn dáná, wàá sì ti wọlé kí wọ́n tó kírun Ìṣáà.”

Mo ti lé ní ogójì ọdún. Mo ti ní ọmọ tó ga jù mí lọ.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí n kò fi ojú ara mi lọ wo yàrá náà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀. Bí àgbà bá ní ejò wà nínú yàrá, tí ọmọ ní kó ṣí i kóun wò, ọmọ ti pè é ní òpùrọ́ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, wọ́n sì ń yìn wá fún un.

Bàbá Àgbà rí i pé ojú mi ti yí padà. Ó wá rọ ohùn. “Ṣebí Òṣogbo lo ń lọ? Lọ gba ilé sí Ọ̀tan. Ọ̀tan sún mọ́ Òṣogbo ju Ìlá lọ. Níbẹ̀, o ò mọ ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Títí dòní, tí mo bá rántí pé mo dúpẹ́, eyín mi a máa wa pọ̀.

Èmi náà kò kàn gbà á bẹ́ẹ̀. Mo lọ dán ọ̀nà wò. Sátidé kan ni mo lọ sí Ọ̀tan, oòrùn ti yọ dáadáa, mọ́tò Òṣogbo sì pọ̀ lójú títì débi pé awakọ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ fa apá mi já. Mo ní háà, ibi tó yẹ kí n wà nìyí. Mo rí yàrá lọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tó mọ́ tónítóní, mo sanwó, mo kó ẹrù dé. Kò sí ohun tí mo lè sọ sí ìyá náà. Ọ̀ràn mi kò kan ilé rẹ̀.

Ọjọ́ Mọ́ńdè, bí mo ṣe kírun Àsùbáà tán ni mo bọ́ sójú títì. Mọ́tò àkọ́kọ́ ti Ìlá dé, ó kún fọ́fọ́, orí ló ń yọ lójú wíńdò. Mo nawọ́. Awakọ̀ na ọwọ́ tirẹ̀ síta, ó yí àtẹ́lẹwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìyẹn ni pé kò sáyè. Ó kọjá. Òmíràn dé, ó yí àtẹ́lẹwọ́. Òmíràn tún dé. Mo lọ sí ibi tí mọ́tò Ọ̀tan fúnra rẹ̀ ti ń gbèrò. Awakọ̀ jókòó lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń rin pákò. “Ẹ fara balẹ̀, ìyá,” ó ní, “ó máa kún.”

Ìgbà wo ló máa kún? Ìlú káńsù ni Ọ̀tan, ibẹ̀ ni ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wà. Láàárọ̀, ṣe làwọn èèyàn ń wọ ibẹ̀ bọ̀ láti ibi gbogbo, ọ̀kadà ló ń já wọn sílẹ̀. Ta ló ń jáde? Àwọn ará Ìlá tó ń lọ sí Òṣogbo, gáréèjì tiwọn ni wọ́n ti ń wọkọ̀, mọ́tò kì í sì í gbéra níbẹ̀ láìkún. Ẹni tó bá wà láàárín ọ̀nà, ojú ló máa fi wò ó. Gbogbo awakọ̀ ìpínlẹ̀ yìí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá Àgbà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa mọ́tò akérò kó tó di olórí agbolé. Ẹni tó yí àtẹ́lẹwọ́ sí àwọn ará Ọ̀tan láti ìgbà èwe rẹ̀ ló rán mi lọ dúró síbẹ̀.

Mo dé ibi iṣẹ́, géètì ti tì. Wọ́n jẹ́ kí n dúró síta pẹ́ kí wọ́n tó ṣí i. Nígbà tí mo wọlé, gbogbo àwọn aránṣọ káwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń wò mí. Ọ̀gá kàn ń nu tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, tábìlì tí kò dọ̀tí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti tún ṣẹlẹ̀. Nígbà yẹn ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Màmá, mo fẹ́ràn ọwọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọmọ yìí bí wọ́n ṣe jókòó.”

Kí ni mo ṣe? Ohun tí wèrè ń ṣe ni. Mo bá ọlọ́kadà kan sọ̀rọ̀, pé kó máa wá gbé mi láfẹ̀mọ́júmọ́ láti Ọ̀tan padà lọ sí Ìlá, kí n lè wọ mọ́tò àkọ́kọ́ ní gáréèjì. Òṣogbo wà níwájú, èmi ń lọ sẹ́yìn. Otútù á gbá mi láyà dé Ìlá, màá wọkọ̀, ọkọ̀ á gbéra, yóò sì tún gbé mi kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé tí mo sanwó rẹ̀. Màá rí àwọn tó dúró lójú títì ní Ọ̀tan tí wọ́n ń nawọ́, awakọ̀ wa á sì yí àtẹ́lẹwọ́ sí wọn. Mo ń sanwó ọ̀kadà lójoojúmọ́ lọ sí ìlú tí wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sanwó ilé sí. Ẹni tó bá ní kí n má bínú, kó kọ́kọ́ gun ọ̀kadà yẹn nínú otútù ìdájí.

Ọkùnrin kan wà tó máa ń wà nínú mọ́tò àkọ́kọ́ yẹn kí n tó dé, irun rẹ̀ á ti gbẹ, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á ti le dáadáa, bí ẹni tó sun oorun àsùntán. Àlejò ni, iṣẹ́ ìjọba ló gbé e wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a jókòó pọ̀.

“Ẹ kú ìrìn o, ìyá,” ó ní. “Mo máa ń rí i pé orí ọ̀kadà lẹ ti ń sọ̀. Ibo lẹ ti ń bọ̀?”

Mo ní Ọ̀tan ni. Ó kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni mo ń ṣe. Nígbà tó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí mi dáadáa.

“Ìyà yẹn ti pọ̀ jù,” ó ní. “Ẹ wá gba yàrá mi. Wọ́n ti gbé mi lọ sí ibòmíràn, mo ń kó jáde ní ìparí oṣù. Kò jìnnà sí gáréèjì rárá. Àwọn onílé ibẹ̀ kì í yọni lẹ́nu. Bàbá tó ni ín, èèyàn jẹ́jẹ́ ni.”

Mo ní, “Irú yàrá wo ni?”

“Yàrá gidi ni. Ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, kò sí ariwo. Ilẹ̀ rẹ̀ ni sìmẹ́ǹtì àtijọ́ yẹn, tó máa ń tutù. Ihò kéékèèké mẹ́rin wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọ́n ní télọ̀ kan ló gbé ibẹ̀ rí, pé ẹsẹ̀ máṣínnì rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀. Orí ẹ̀ ni mo gbé sítóòfù mi lé. Kì í mì rárá.”

Mo bi í pé agbolé wo ni, àmọ́ mo ti mọ̀. Ó dárúkọ agbolé wa.

“Ejò ńkọ́?” ni mo bi í.

“Ejò wo?”

A kọjá ní Ọ̀tan, n kò rí Ọ̀tan. Gbogbo orí mi gbóná bíi pé wọ́n gbé ìkòkò lé e. Ọjọ́ tí mo kúnlẹ̀ tí mo ń bẹ̀bẹ̀, sítóòfù àlejò yìí wà lórí ojú ẹsẹ̀ máṣínnì bàbá mi. Owó ilé bàbá mi ń wọ àpò ẹnì kan. Àgádágodo tí mo rí lẹ́nu ilẹ̀kùn, àgádágodo ẹni tó lọ síbi iṣẹ́ ni. Èmi tí mo ni ín ń gun ọ̀kadà.

Ní ọ̀sẹ̀ náà, òjò rọ̀ láti òru mọ́jú, ọlọ́kadà kò jáde. Mo dúró sójú títì ní Ọ̀tan, òjò pa mí, wọ́n ń yí àtẹ́lẹwọ́ sí mi. Mo rí ọkùnrin yẹn nínú mọ́tò bó ṣe kọjá, òun náà rí mi, ó gbójú kúrò. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, ọ̀gá bá mi lẹ́nu géètì fúnra rẹ̀. “Màmá, ẹ má bínú. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wọlé mọ́.” Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ì bá ti sàn kó pariwo mọ́ mi.

Ìpàdé ẹbí wa máa ń wáyé ní Sọ́ńdè tó parí oṣù. Mo dúró de ọjọ́ yẹn. Mo lè lọ bá Bàbá Àgbà nìkan, ṣùgbọ́n mo ti bá a nìkan rí, mo sì mọ ibi tó já sí. Mo mú owó ilé dání nínú àpòòwé. Nígbà tí mo dé, gbogbo wọn ti jókòó níwájú ilé, àwọn àgbà lórí àga, àwọn obìnrin lórí ẹní. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn yí ká, mo wá gbé àpòòwé síwájú Bàbá Àgbà.

“Bàbá, mo gbọ́ pé yàrá kan ṣófo nínú ilé yìí, pé ayálégbé inú rẹ̀ ti kó jáde. Mo wá gbà á. Owó ilé rèé.”

Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní yéè. Bàbá Àgbà wo àpòòwé, ó wo èmi, ó wo àwọn èèyàn. Mo rí i bó ṣe ń wá ibi tí yóò gbà. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ ò rí ọmọ yìí! Yàrá bàbá rẹ lo fẹ́ sanwó rẹ̀? Ṣebí òun ni mo ń tún ṣe dè ọ́ látọjọ́ yìí, tí mo fi àlejò sí i kó máa bá wa ṣọ́ ọ. Mo fẹ́ yà ọ́ lẹ́nu ni. Ta ni yóò gba owó lọ́wọ́ ọmọ nínú ilé bàbá rẹ̀? Aáṣùbílláì!”

Ni wọ́n bá ń yìn ín. Ẹnì kan ní, “Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.” Òmíràn ní kí Ọlọ́run dá a sí fún wa. Wọ́n ní kí n dúpẹ́. Mo dojú bolẹ̀ níwájú ọkùnrin yẹn, mo sọ pé, “Ẹ ṣé, sà.” Ìbínú tó wà láyà mi nígbà yẹn, bí mo bá ní kí n tú u jáde, n kì bá mọ ibi tí yóò dé.

Wọ́n ṣe ìpàdé tán, wọ́n ṣàdúà, wọ́n túká díẹ̀díẹ̀. Ó wá ku èmi àti òun. Àpòòwé ṣì wà nílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti mú un.

“Gbé e síbẹ̀,” ló wí.

Kò wò mí. Tẹ̀sùbáà rẹ̀ ló ń wò. “Ilé ń náni lówó. Páànù orí yàrá yẹn, kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi kàn án.”

Mo lè pe àwọn èèyàn padà. Kò sẹ́ni tó tíì dé ìta gbangba. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, mo rí i pé ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn, kó gbà á. Ọmọ tó padà sílé, wọ́n á ní kó wá dáná, wọ́n á bi í pé ibo ló ti ń bọ̀, wọ́n á ka ìgbà tó wọlé. Ẹni tó sanwó ilé, ta ló tó bi í? Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpòòwé náà fún un.

Ó ti í sábẹ́ agbádá. Ó wá ṣàdúà fún mi, àdúà tí wọ́n ń ṣe fún àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá. “Ilé náà á tù ọ́ lára. Tí ó bá ń jò, tètè wá sọ fún mi.”

“Àmín,” ni mo wí. “Ẹ ṣé, Bàbá Onílé.”

Ó gbójú sókè. Èmi náà kò gbé ojú kúrò.

Ọjọ́ kejì, mo wà nínú mọ́tò àkọ́kọ́, ara mi gbẹ. Kò pẹ́ sígbà náà tí ọ̀gá wa sọ fún mi pé iṣẹ́ ti di tèmi, pé kí n lọ fọkàn balẹ̀. Ọmọ mi ṣì wà nílé ẹ̀kọ́. Mo gbé máṣínnì bàbá mi jáde láti ibi tí wọ́n jù ú sí lẹ́yìn ilé, mo ta òróró sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì padà sínú ihò wọn.

Ṣùgbọ́n n kò pè é ní Bàbá Àgbà mọ́. Ìyá kan nínú ẹbí ti gbìyànjú láti bá mi wí, ó ní kí ni mo ń sọ lẹ́nu báyẹn. Mo ní kó bi bàbá. Níwájú ẹbí, níwájú àlejò, ní ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí, Bàbá Onílé ni mo ń pè é. Ó sì ń dá mi lóhùn.